Làálì Kì Í Sọ Irun Di Dúdú Láàárín Ìdajì Wákàtí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àlàyé tí ẹ tẹ̀ jáde lórí bí ènìyàn ṣe lè fi ewé àti ohun inú ilé ìdáná sọ irun tí ó ti ń funfun di dúdú, inú mi sì dùn pé ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, nítorí àwọn tí ń wá ohun tí wọn yóò lò dípò dáì inú ìgò pọ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé náà da ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ó to làálì, ẹ̀lú, tíì, kọfí àti omi àlùbọ́sà sí ẹsẹ̀ kan náà, kò sì sọ iye wákàtí tí èyíkéyìí nínú wọn ń gbà. Àìsọ wákàtí yìí ni ó ká mi lára jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń ta ayédèrú máa ń gbà wọlé sí àwọn oníbàárà lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí lúbúlúbú ewé kò lè ṣe. Irun tí ó ti yọ síta kò ní ẹ̀mí nínú mọ́. Lábẹ́ awọ orí, nínú gbòǹgbò irun, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ṣe èròjà aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní melanin, tí wọ́n sì ń fi í sínú irun bí ó ti ń hù. Nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá tán tàbí tí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, irun a máa jáde láìní àwọ̀, èyí sì ni ewú. Kò sí ohun tí a lè pò, kí a fi kun orí, tí yóò mú wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ewé lè ṣe kò ju pé kí ó pa irun tí ó ti jáde láró, kí àwọ̀ náà sì dúró. Bí ewú bá dé bá ènìyàn ní kékeré ju bí ó ti ń ṣe nínú ìdílé rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe, nítorí àìtó fítámì B12 àti àìsàn thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tí ó wà ní ọrùn, wà lára ohun tí ó lè fà á, kò sì sí aró tí yóò wo ìyẹn sàn.

Nínú gbogbo ohun tí àlàyé yín kà sílẹ̀, méjì péré ni ó ń pa irun láró ní tòótọ́: làálì àti ẹ̀lú. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò ba àwọn méjèèjì jẹ́.

Làálì, tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè ní Lawsonia inermis, ní èròjà kan nínú ewé rẹ̀ tí ń jẹ́ lawsone. Èròjà yìí máa ń so mọ́ keratin, ìyẹn ohun tí irun fi ṣe ara, ìdí sì nìyí tí kì í fi í tètè ṣí. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni ó ń mú wá. Lórí ewú, pupa náà a máa hàn ketekete, lórí irun tí ó ṣì dúdú, kìkì ìgbà tí oòrùn bá tàn sí i ni a ó rí i. Bí ènìyàn fi làálì gidi sórí di ọjọ́ kejì, kò ní dúdú. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń pò ó, àwọn mìíràn a sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí ohun kíkan máa ń mú kí àwọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Lẹ́yìn pípò, a ó bò ó sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi yí padà, kí a tó fi sí irun tí a ti fọ̀ tí kò sì lọ́ràá. Yóò wà lórí fún bíi wákàtí 2 sí 4.

Ẹ̀lú, tí wọ́n ń kọ indigo tàbí Indigofera tinctoria sí ara páálí rẹ̀, ni ó ń mú dúdú wá, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ènìyàn ń ṣì lò jù. Kò sí aró nínú ewé ẹ̀lú gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí igi. Ohun tí yóò di aró ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bá kan lúbúlúbú rẹ̀, ohun náà a máa tú sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yóò sọ ọ́ di aró, tí kò ní lè yòrò nínú omi mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ti wọ inú irun kí afẹ́fẹ́ tó pa á dà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá po ẹ̀lú ní alẹ́ kí ó lè lò ó ní òwúrọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe làálì, inú abọ́ ni aró rẹ̀ yóò ti parí sí, ohun tí yóò fi sórí kò ní ju ẹrẹ̀ lásán lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan ni a fi ń pò ó, àwọn kan a sì fi iyọ̀ ṣín-ń-ṣín sí i. A kì í fi ohun kíkan sí i rárá. Bí ó bá ti tó bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn pípò, kí ó ti máa dé orí, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá fi ẹ̀lú nìkan sórí ewú, búlúù tàbí àwọ̀ ewé ni yóò rí. Pupa làálì ni ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kí búlúù ẹ̀lú tó bọ́ sí orí rẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó di dúdú ní ojú ènìyàn. Ẹni tí ó bá pò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò rí búráùn, èyí sì tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn. Mo tilẹ̀ rò pé ó yẹ àgbàlagbà ju dúdú kirikiri lọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́. Lẹ́yìn tí a bá ṣan ẹ̀lú kúrò, irun lè kọ́kọ́ rí bí ewé tútù díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí rẹ̀ sáré lọ ra dáì, nítorí àwọ̀ náà a máa jinlẹ̀ sí i fún bí ọjọ́ 2 bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án, èyí ni a sì ṣe ń sọ pé kí a má fi ọṣẹ kan án láàárín àkókò náà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko ni gbogbo rẹ̀. Irun sì ń hù ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà funfun yóò tún yọjú nísàlẹ̀ kó tó pẹ́, ìsàlẹ̀ yìí nìkan ni a ó sì tún máa pa láró.

Ní ti ohun ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Tíì àti kọfí máa ń fi àwọ̀ díẹ̀ sí òde irun, ìfọ̀ kan tàbí méjì a sì ṣan án lọ. Omi àlùbọ́sà kì í pa irun láró. Òróró àgbọn a máa mú kí irun dán, irun tí ó bá sì ń dán a máa jọ èyí tí ó dúdú sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bá fi pa awọ orí ní tààrà, pàápàá tí a bá tún jáde sínú oòrùn, lè jó ènìyàn lára. Ọ̀kan péré nínú ìmọ̀ ilé ìdáná yìí ni ó ní ìpìlẹ̀: tannin, èròjà kan tí ó wà nínú tíì, àti nínú èso amla tí àwọn ará Íńdíà ń lò, máa ń dúdú bí ó bá pàdé irin. Ohun kan náà ni àwọn akọ̀wé Yúróòpù fi ń ṣe yíǹkì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ìdí nìyẹn tí amla tí a rẹ sínú ìkòkò irin fi ń dúdú lójú, ṣùgbọ́n dúdú inú ìkòkò kò wí pé yóò so mọ́ irun bí ti làálì.

Ní báyìí, Olóòtú, ẹ wo ohun tí ẹni tí kò mọ gbogbo èyí yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá fi páálí kan hàn án tí wọ́n kọ làálì dúdú sí, tí wọ́n sì sọ pé ìdajì wákàtí tó. Ewé kankan kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀ ni PPD, ìyẹn para-phenylenediamine, kẹ́míkà kan náà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì tí oníbàárà ń sá fún. Nínú dáì irun, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nígbà tí ó bá dé orí. Nínú páálí ayédèrú, kò sí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, American Contact Dermatitis Society, pè é ní ohun aṣèpalára awọ ti ọdún 2006. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á lè máa yún, kí orí rẹ̀ léròrò, kí ojú rẹ̀ wú títí tí kò fi ní lè là á, èyí sì lè má bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni ó sábà máa ń kọ̀ ọ́.

Irin àti òjé náà máa ń wọ inú irú àdàlù yìí. Ní ọdún 2018 ni FDA, àjọ tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, pinnu láti fagi lé àṣẹ tí ó gba lílo lead acetate, tí a fi òjé ṣe, nínú dáì irun. Irun tí irú èròjà wọ̀nyí bá wà nínú rẹ̀ lè gbóná, kí ó sì já, bí a bá tún wá fi ohun tí ń bó àwọ̀ irun (bleach) sí i.

Kódà, làálì gidi kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD, èròjà tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti ń gbé níbi tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí. Lawsone lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ewu náà sì pọ̀ jù fún ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú àlàyé yín rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí a fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí sí ìgbọ̀nwọ́ nínú, kí a wò ó fún wákàtí 48, kí a tó fi kun gbogbo orí.

Bí ẹ bá tún máa tẹ irú rẹ̀ jáde, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan bí yóò ti wà lára páálí, àwọ̀ tí ó ń mú wá lórí ewú, àti iye wákàtí tí ó ń gbà. Kí ẹ sì fi kún un pé páálí tí kò bá kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara kò yẹ ní rírà.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín