Àwòrán sónà nìkan ò tó o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde nípa àwọn tó ń fi sónà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rán ìró lọ tó sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń padà, wá ohun tó wà lábẹ́ omi, ó dáa, àmọ́ ẹ da nǹkan pọ̀ díẹ̀ jàre, bíi pé àwòrán sónà nìkan ti tó. Sónà tó ń lo ìró tínrín, ojú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ń yà, kì í wọnú ilẹ̀ lọ títí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ṣe tò léra wọn, ìró tó ki lẹ máa lò, bíi 3.5 kilohertz (ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 3,500 ní sẹ́kọ́ǹdù kan), ìyẹn lè wọ ẹrẹ̀ rírọ̀ dé ọ̀pọ̀ mítà, tó bá wá jẹ́ ibi tó jìn gan-an nínú ilẹ̀, airgun, ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ jáde lójijì láti fi dá ìró ńlá, ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní seismic.

Nínú omi, ìró ń sáré tó bíi 1,500 mítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí ìró bá lo sẹ́kọ́ǹdù 2 kó tó dé ìsàlẹ̀ kó sì padà, omi yẹn jìn tó 1,500 mítà nìyẹn, torí àlọ àtàbọ̀ ni (ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí fi 2 pín in).

Gáàsì ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, tó bá ti wà nínú ẹrẹ̀, kódà bó kéré, àwòrán lè fọ́jú pátápátá lábẹ́ rẹ̀, èèyàn á rò pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ bíi pé àwòrán yẹn ti parí iṣẹ́, rárá o, ìlà bí ilẹ̀ ṣe tò léra nìkan ló ń fi hàn, àfi kí wọ́n ti páìpù bọlẹ̀ kí wọ́n fa ẹrẹ̀ jáde kí wọ́n tó mọ̀ dájú bóyá iyanrìn ni àbí amọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn kún un.

Èmi òǹkàwé yín