Owó Iṣẹ́ Tá A Ti Ṣe Parí Ni Ò Wọlé

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn lórí ìwé ìròyìn yìí. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ pé ọrọ̀ ajé ti ń gbérí díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn sí i torí èmi náà ń rí i pé àwọn èèyàn ti tún ń béèrè ọjà, àmọ́ apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn, òun ló jẹ́ kí n mú fóònù tí mo fi ń kọ èyí.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kọ́sítọ́mà làwa oníṣòwò kéékèèké ò rí, pé tí kọ́sítọ́mà bá ti padà dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ méjì àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní. Nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ a ò ríṣẹ́ ṣe, a jókòó à ń wo ara wa, ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tíṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Iléeṣẹ́ ńlá kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà àti ìwé rìsíìtì wá, mo yáwó ra pépà àti ínkì torí àwọn tó ń tà á fún wa náà ò ta àwìn mọ́, a ṣiṣẹ́ mọ́jú fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ tí wọ́n dá ò yẹ̀ tá a fi kó o lọ fún wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbà á, wọ́n tiẹ̀ yìn wá. Owó wá di ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo pè, wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí lórí ìjókòó, mo tún pè, wọ́n ní àwọn ò rí ínfọ́ìsì mi, ìyẹn ìwé tí mo fi béèrè owó, mo tẹ òmíràn mo gbé e lọ fúnra mi. Oṣù márùn-ún gbáko! Kò sẹ́ni tó rí mi fín níbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ èlé owó tí mo yá ń gorí ara ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan èyí tó mọ ẹ̀rọ yẹn ju èmi gan-an lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi nu ọwọ́ ẹ̀, ó ní "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò lè dúró mọ́." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Títí dòní mi ò tíì rí irú ẹ̀ gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò ṣòwò rí, ẹ jẹ́ kó yé yín, èrè ọ̀tọ̀, owó ọwọ́ ọ̀tọ̀. Èèyàn lè jèrè nínú ìwé kó má lówó tó máa fi sanwó iná. Tí ọjà bá sì ń padà bọ̀ sípò, owó ló máa ń kọ́kọ́ mu, torí a gbọ́dọ̀ ra ohun èlò ká tó ṣiṣẹ́, ká tó wá máa retí owó. Àwọn ńláńlá náà ń bẹ̀rù lásìkò yẹn, wọ́n á di owó tọwọ́ wọn mú, owó wa sì wà nínú ẹ̀. Àwa tí báǹkì ò fún ní lóònù la wá ń yá iléeṣẹ́ ńlá lówó láìgba èlé! Báǹkì Àgbáyé sọ pé àwọn okòwò kéékèèké àtàwọn tó wà láàárín ló kó nǹkan bí 90 nínú gbogbo 100 okòwò láyé, ibẹ̀ sì ni ó lé ní ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ wà, torí náà tí owó bá há sókè, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbẹ.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí báǹkì Lehman Brothers dojú dé ní 2008, báǹkì àpapọ̀ wọn já èlé sílẹ̀ sún mọ́ òdo kọ́dún yẹn tó parí, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2009, èèyàn 10 nínú gbogbo 100 tó yẹ kó ń ṣiṣẹ́ ni ò níṣẹ́, 2014 ni iye iṣẹ́ tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ilé ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré fi ń dúró gbówó ní báǹkì, torí pé iye tílé tó ti já wálẹ̀, èlé tó wálẹ̀ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn kòrónà ó tún gba ibòmíì yọ, èlé kan náà tó wà nítòsí òdo níbẹ̀rẹ̀ 2022 ti kọjá 5 nínú 100 nígbà tó fi máa di oṣù keje 2023, ẹni tó yáwó kó lè là á já ni ẹrù wá wúwo lórí ẹ̀.

Òfin wà níbòmíì o. Láti 2011 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti ní kí ọ́fíìsì ìjọba máa sanwó láàárín 30 ọjọ́, kí iléeṣẹ́ síra wọn má kọjá 60 ọjọ́ àfi tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí nǹkan míì tí ò ni ẹnì kankan lára, ẹni tó bá pẹ́ á san èlé. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé kọ́sítọ́mà tó ń bọ́ ọ lọ kóòtù? Carillion, iléeṣẹ́ ìkọ́lé ńlá Gẹ̀ẹ́sì, 120 ọjọ́ ló ń dá fún àwọn tó ń báa ṣiṣẹ́, nígbà tó dojú dé ní oṣù kìíní 2018, nǹkan bí 30,000 lára àwọn tó ń kó ọjà fún un tàbí tó ń báa ṣiṣẹ́ ló jẹ lówó.

Ohun tó wù mí jù ni èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2017, tí iléeṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ máa gbé e síta lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún pé ọjọ́ mélòó làwọn fi ń sanwó. Kò gba lọ́yà, kò gbà kí ẹni kékeré máa bá ẹni ńlá jà, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ á ti mọ ohun tó ń lọ bá. Ẹ̀yin oníròyìn lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìdúró de òfin kankan. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fọ̀rọ̀ wá ọ̀gá iléeṣẹ́ ńlá lẹ́nu wò pé báwo lọjà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló fi ń sanwó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un, kẹ́ ẹ sì tẹ ìdáhùn ẹ̀ jáde bó ṣe sọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé kan