Ẹ sọ ibi tí ewu Kórónà wà fún wa, ẹ yé ti géètì mọ́ àgbà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo sì ń kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé wa tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, láti Kábà dé Yàgbà, ókun o.

Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní Èkó lòun ń gbé, ó ní kí gbogbo ọmọ tó bá ní òbí nílé tètè pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn kó ti géètì mọ́ wọn, kí wọ́n má yọjú síta rárá títí Kórónà á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti lé ní 70, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìntì sí Ìyàrà níbí, ohun tí mo rí ni pé àgbà tí wọ́n bá tì mọ́lé láìṣàlàyé, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà jáde. Ẹ sọ ibi tí ewu wà gan-an fún wa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká fúnra wa yan ohun tá a máa fi sílẹ̀ àtohun tá ò ní fi sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń fojú kéré àìsàn náà o. Nínú ìròyìn táwọn ará Ṣáínà gbé jáde lóṣù kejì ọdún 2020 lórí èèyàn tó lé ní 44,000 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní in, nínú 100 tó ti pé ẹni 80 ọdún sókè, bíi 15 ló kú. Àwọn ẹni 70 sí 79, 8 nínú 100. Àwọn ẹni 60 sí 69, ó lé ní 3. Àwọn ọ̀dọ́ tí ò tíì pé 40, nínú 1,000 bíi 2 péré ni. Bẹ́ni náà bá tún lẹ́jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, tiẹ̀ tún burú sí i, mélòó sì ni nínú àwa arúgbó tí kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn? Torí náà nígbà tí ọmọ ọmọ mi kan pè mí lórí fóònù pé "Màmá, ẹ má dààmú, àwọn olówó tó ń wọ bàálù ló ń mú", mo ní kó jọ̀ọ́ kó má tún bẹ́ẹ̀ sọ fún àgbàlagbà míì.

Èyí tó tún wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kò sí ẹyọ kan ní Kogí. Lóòótọ́, títí mo fi ń kọ èyí lóṣù kẹrin ọdún 2020, orúkọ Kogí ò tíì jáde nínú èyí tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ń kà lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n níbo la ti ń ṣàyẹ̀wò ọ̀hún? Kò sí ilé àyẹ̀wò kankan fún un ní ìpínlẹ̀ wa, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tàbí Àbújá. Ẹ wá wo ibi tí ìlú wa wà, mọ́tò tó gba Àkókó wọ Ayéré, èyí tó ti Ìlọrin bọ̀ tó gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú àti Mọ̀pà, Kábà ni wọ́n ti ń pàdé kí wọ́n tó kọrí sí Ọbájànà àti Lọ́kọ́jà, kí ìjọba sì tó ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta, gbogbo wa la rí i báwọn èèyàn ṣe ń já wọlé lálẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó, ọkọ̀ ojú irin àtàwọn oníṣòwò ló gbé e wọ inú ilẹ̀, nígbà yẹn ẹ̀wẹ̀ kò sí ọ̀nà ọ̀dà níbí.

Ó dáa, níbo lewu wà? Ara ẹlòmíì ló wà, nínú itọ́ àti ikọ́ rẹ̀, nínú ọwọ́ tó fi nu imú tó tún fi bọ̀ wá lọ́wọ́, ó sì máa ń pọ̀ níbi téèyàn bá ti fún pọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oko ò ṣe wá ní nǹkan kan. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ń dúró de ebè, kajú ń já bọ́ nílẹ̀, bàbá ẹni 75 tó gbé àdá lọ sóko ẹ̀ lóun nìkan, ta ló fẹ́ kó o ràn án níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kó lọ, oko yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rọlẹ̀ kó sì rórun sùn. Ibi tí wọ́n ti ń wọn kajú lẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹni tó wá rà á ti ọ̀nà jíjìn wá, ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá á sì ṣù bò ó, oníkálùkù á tẹ orí bọ ojú òṣùwọ̀n nítorí ká má yàn án jẹ, àpò kan náà ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀. Kí ọ̀dọ́ kan nínú ilé bá wọn gbé e lọ, tàbí kí wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó kajú ò tiẹ̀ dáa lọ́dún yìí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkú ló wúwo jù, àwọn ọmọ wa ò sì mọ bó ṣe wúwo tó. Wọ́n á ní "Dádì, ẹ má lọ síbi ìsìnkú yẹn", wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, ó ti parí nìyẹn lójú tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú yẹn, òun ló dúró ti bàbá nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú, òun ló gbé àpò ìrẹsì wá, òun ló bá a sùn mọ́jú. Bí bàbá ò bá wá yọjú, báwo ló ṣe fẹ́ wo àwọn ọmọ olóògbé lójú? Gbèsè ni, ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi ìsìnkú gan-an ni gbogbo ohun tí wọ́n ní ká sá fún ti ń pàdé, ará Èkó, ará Àbújá, ará Ìlọrin, gbogbo wọn lábẹ́ kánópì kan, ká dì mọ́ra, ká bọ ara wa lọ́wọ́, ká jọ máa sunkún sí èjìká ara wa. Nínú gbogbo ohun tó yẹ kí àgbà fi sílẹ̀ báyìí, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Àmọ́ àgbà kan ò lè dá a ṣe. Àfi káwọn ọba wa bá wa dá sí i, mo bẹ Ọbarò ti Kábà, mo bẹ Olùjùmú ti Ìjùmú àti gbogbo ọba ilẹ̀ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá inú Kogí, kí wọ́n kéde rẹ̀ pé ìwọ̀nba ẹbí ni kó sin òkú báyìí, kí ìnáwó dúró dìgbà tára bá tu ìlú, àti pé ẹnikẹ́ni tí ò bá wá, ẹ ò gbọdọ̀ kà á sí i lọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ọba jáde, bàbá á lè jókòó sílé pẹ̀lú ọlá ẹ̀.

Ti àwọn ọmọ ọmọ náà wà níbẹ̀. Yèyé kan ládùúgbò wa tó ti lé ní 80, ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó àwọn ọmọ wálé láti Èkó torí wọ́n ti ti ilé ìwé pa, ó wá bi mí léèrè. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, títí kan iye tó ń kú lọ́jọ́ orí tiẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní "bí mi ò bá rí wọn lọ́dún yìí, ṣé mo mọ̀ bóyá màá rí wọn lọ́dún tó ń bọ̀?" Èmi ò dá a lẹ́bi o, ẹ̀mí ẹ̀ ni, òun ló mọ ohun tó ń fi í ṣe. A wá jọ rò ó pé yàrá tó dá dúró níwájú ilé làwọn ọmọ á sùn fún ọjọ́ 14, àwo tiwọn lọ́tọ̀, ife tiwọn lọ́tọ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n á ti máa ṣeré, òun á sì jókòó sórí àga ẹ̀ ní fàráńdà kó máa pàlọ́ fún wọn láti ibẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní kí wọ́n bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Ọṣẹ àti omi tó, sánítáísà ò pọn dandan bí omi bá wà. Ìbòmú, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2020 yìí, àjọ ìlera àgbáyé ní aláìsàn àtẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ni kó lò ó, Amẹ́ríkà ní kí gbogbo èèyàn fi aṣọ bo imú àti ẹnu, èmi ti ní kí télọ̀ rán tèmi, kò pa mí lára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹ ò fẹ́ jáde, ẹ rán ọmọ kó bá yín ra èyí tó máa pẹ́ díẹ̀. Chloroquine, oògùn ibà tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí Wáṣáàpù pé ó ń wo Kórónà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a lò, àwọn kan ti lò ó lálòjù ní Èkó dèrò ọsibítù. Ẹ rántí omi iyọ̀ ìgbà Ebola lọ́dún 2014, táwọn èèyàn mu torí wọ́n ní ó ń dènà àìsàn náà, tó sì ṣe àwọn kan léṣe.

Ó ku ọ̀kan tó ń dùn mí gan-an, ti pẹ́ńṣọ̀n. Ní báńkì kan ní Kábà lóṣù yìí, àwọn arúgbó ti jókòó sórí gọ́tà látàárọ̀, káàdì lọ́wọ́, síkíọ́rítì á ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn díẹ̀ á ní kí èèyàn márùn-ún wọlé, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa ti ara wọn, bàbá kan tó ń lo ọ̀pá, ara ògiri ni wọ́n tì í mọ́. Owó oúnjẹ wọn ni, wọn ò lè ní àwọn ò wá. Kí báńkì ya agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ sọ́tọ̀ fẹ́ni tó ti lé ní 60, kí wọ́n to àga síta káàkiri, kí wọ́n gba orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa pè é bó ṣe tẹ̀ léra, kí wọ́n sì gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Kí káńsù Kábà rán èèyàn lọ wò ó lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú. Ẹ bá wa tẹ èyí jáde kí pẹ́ńṣọ̀n oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìyàrà, Ìjùmú.