Àyìnlá, Má Jẹ́ Kí Àga Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ

Àyìnlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó mi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Abẹ́òkúta níbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní bí o bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, o ò ní ṣe nǹkan kan mọ́ ju kí o jókòó kí o sinmi lọ. Ìsinmi tọ́ sí ọ, ọmọ mi. Ẹni tó ń jí lóru gbé ọkọ̀ jáde nínú òtútù, ta ni yóò fi ìsinmi dù ú? Ṣùgbọ́n ìjókòó kọ́ ni ìsinmi tìrẹ. Ìjókòó ni iṣẹ́ tí o ti ń ṣe látọjọ́ yìí wá. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò tíì ríṣẹ́ ṣe.

O mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi tọ́ yín, n kì í sọ̀rọ̀ ìlera láìmọ̀dí. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí o wà yẹn gan-an ni Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1953. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wé àwọn kọ́ńdọ́ wọn tó ń gba owó ọkọ̀. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò ọjọ́ wọn, àmọ́ awakọ̀ jókòó, kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gùn ún. Àwọn awakọ̀ ni àrùn ọkàn ń bá jà jù. Morris tún yẹ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn wò lẹ́yìn náà, ó rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti kọ́ńdọ́ lọ, nítorí náà kì í ṣe ìjókòó nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí lóríṣiríṣi tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹni tó ń lo ara rẹ̀ ní ààbò tí ẹni tó jókòó kò ní. Morris alára ń ṣe eré ìmárale títí tó fi darúgbó, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009. Ọkọ̀ tìrẹ kò tilẹ̀ ní kọ́ńdọ́ mọ́. Ìwọ nìkan lo jókòó síwájú níbẹ̀.

Agbára iṣan a máa dín kù bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìyá kan wà ní ìjọ wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba korobá, wọ́n ní kó má lọ sọ́jà mọ́. “Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín.” Ní báyìí, bó bá fẹ́ dìde, á di apá àga mú lọ́tùn-ún lósì, á mi ara síwájú, á mi í sẹ́yìn, títí ẹnì kan á fi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá gbé e dìde. Kò sí àìsàn kan tí dókítà rí. Àìlo ẹsẹ̀ ni. Ó dùn mí, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ní 1990, ní Boston lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn arúgbó ẹni ọdún 86 sí 96 jọ nínú ilé ìtọ́jú, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8, agbára ẹsẹ̀ wọn lé sí i ju ìlọ́po méjì lọ. Ìwọ tí o ò tíì pé ọgọ́ta ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Gbé àga tí kò ní apá ti ògiri kó má baà yọ̀. Jókòó sí etí rẹ̀, fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, ká ọwọ́ láyà, tẹ̀ síwájú, kí o dìde láìdi nǹkan mú. Bí o bá ń jókòó padà, rọra ni o, má já ara rẹ sílẹ̀. Ibi tí o ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ yẹn náà, iṣan itan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tí o lè ṣe, kí o máa fi ọ̀kan lé e. Bí o bá ń fọ abọ́, di etí síǹkì mú, kí o fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, fi ìka kan ṣoṣo dì í mú. Ìṣubú ló ń ṣẹ́ eegun ìbàdí àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rìn dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí o sì máa rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìrìn kánkán tí o ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o ò lè kọrin. Ọgbà ìgbafẹ́ Burgess Park kò jìnnà sí yín. Kí ìyàwó mi bá ọ lọ, ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ ilé lọ́nà. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, kọ́kọ́ fi tó dókítà rẹ létí, má sì fi oògùn sílẹ̀ torí pé o ń rìn. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, dúró lójú ẹsẹ̀, kí o wá ìrànlọ́wọ́.

Ó ku tèmi. Mo gbọ́ pé o sọ fún ọmọ tó ń bá mi gbé pé kó má jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ti ní kó dá ìgbálẹ̀ mi padà. Korobá ńlá ni mo yọ̀ǹda fún un, èmi ń gbé kékeré. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé mi dé Ìtòkú, ẹsẹ̀ ni n ó fi lọ. Bí o bá fẹ́ ṣe mí lóore, bàtà tó fẹ̀ níwájú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, ni kí o fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà 39 ni.

Bí o bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ìgbà mélòó lo dìde lórí àga ni n ó kọ́kọ́ bi ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ