Ẹ Jẹ́ Kí Àkọsílẹ̀ Kànga-dẹ̀rọ Wà ní Gbangba

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ kànga-dẹ̀rọ tí wọ́n ń gbẹ́ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo bá wá.

Orí àpáta ni ìlú wa wà. Inú àpáta tó ti rà di yẹ̀pẹ̀, tàbí ojú ibi tó ti là, ni omi máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi ń rómi tí ilé kejì kì í rí. Ẹ dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní àdúgbò Under-G, ẹ ó rí i pé bí irin ṣe ń wọlẹ̀ ni ohun tí atẹ́gùn ń tú jáde ń di òkìtì kéékèèké: yẹ̀pẹ̀ pupa, amọ̀ funfun, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun àpáta tó dà bí eérú. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọkọ̀ wọn bá ti ṣí, ìwé bá wọn lọ nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni kànga tí kò rómi. Wọ́n á bò ó, onílé á dákẹ́, owó ti lọ. Tó bá yá, aládùúgbò á tún gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkọsílẹ̀ irú kànga yìí gan-an ló wúlò jù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1991 ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga omi tó jìn ju mítà 15 lọ fi tó ìjọba létí, kó sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ ihò tó wà lọ́wọ́ British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti àpáta níbẹ̀, báyìí lé ní mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lẹnikẹ́ni sì lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Netherlands, lẹ́yìn ọdún 5, àkọsílẹ̀ kànga epo àti gáàsì á di ti gbogbo ayé. Ara àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti mọ ibi tí omi gbígbóná wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń fi mú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin tòmátì sí móoru. Ẹni tó ń wá epo nígbà náà kò tilẹ̀ ro ti àgbẹ̀ rárá.

Àwọn oníṣẹ́ kan á ní àṣírí òwò àwọn ni. Ó yẹ kí wọ́n jẹun lóòótọ́. Ẹ fún wọn ní ọdún kan kó tó di ti gbogbo ènìyàn.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ojú ìwé kan péré tó fún kànga kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, bó ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tí wọ́n bá pàdé, ibi tí omi ti yọ, tàbí pé omi ò yọ. Yunifásítì LAUTECH wà nítòsí, wọ́n lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Kànga tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbẹ́ sí ọjà àti iléèwé ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí owó wa ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Èmi ni,
Onílé kan ní Arówómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́