Bàbá tó ní ẹ̀rọ ló sọ obìnrin di ọ̀lẹ, ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn.

Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sínú ìwé yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn obìnrin ayé ìsinyìí ò lè gún iyán mọ́, pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn ṣe gbogbo ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tóúnjẹ ilé ò fi dùn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá ń rò ó pé bàbá yìí, ìgbà wo ni wọ́n di ọmọ odó mú gbẹ̀yìn? Torí wọn ò sọ ìyẹn níbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ n bi wọ́n léèrè kan. Ata ọbẹ̀ tí wọ́n jẹ lánàá, ṣé orí ọlọ ni wọ́n ti lọ̀ ọ́? Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ata ìkòríta ló lọ̀ ọ́, èyí tó máa ń ké tatatata látàárọ̀, tí ìyá ẹlẹ́rọ á bu omi díẹ̀ sí i, á fi igi ti tàtàṣé wọlé, tó bá tán á tún fọwọ́ gbá ìyókù sínú ike ẹ. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ọ̀lẹ rí. Èmi mọ ọlọ dáadáa o. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí l'Ọ́yọ̀ọ́, èmi ni mo máa ń lọ ata, máa wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀yìn á máa ro mí, ata á wọ abẹ́ èékánná, tí mo bá wá gbàgbé fọwọ́ kan ojú, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ata dé ìtòsí wa, ẹ̀rọ ẹnjíìnì Lister tó ń mu dísẹ̀lì, màmá àgbà fúnra wọn ló ní ká gbé ọlọ lọ sẹ́yìnkùlé. Omi òjò ló ń dúró sínú ẹ̀, adìyẹ ló ń mu ún. Ọbẹ̀ màmá ò sì torí ẹ̀ má dùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé n'Íbàdàn níbí, onílé ti kọ ọ́ sínú àgríméǹtì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún nǹkan lókè, mi ò sì lè dá a lẹ́bi torí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa gún iyán títí sìmẹ́ǹtì àjà fi já sínú ẹ̀bà ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ká wá máa gbé ìkòkò iṣu gbígbóná sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ká gún un nínú kọ́ńpáùn, ká tún gbé e gòkè, kó tó dé orí tábìlì ó ti tutù. Ìyẹn ni mo fi ra ẹ̀rọ ìgúnyán lọ́dún 2019.

Ẹni tí ò bá tíì rí i kó má rò pé kóo kàn tẹ bọ́tìnnì ni o. Tèmi kì í se iṣu, ó kàn ń gún un ni. Màá se iṣu kó rọ̀ dáadáa, màá dà á sí i lójú gbígbóná (tó bá ti tutù, kókó lẹ máa jẹ), màá tan án. Á kọ́kọ́ máa fọ́n iṣu mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́, ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Nígbà tó bá yá, gbogbo ẹ̀ á kó ara jọ, á di òkìtì kan ṣoṣo, á máa yí, á máa gbá ara abọ́ gbì, gbì. Ohùn yẹn ni kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí. Tó bá ti gbá a bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ pa á. Ẹ bá gbójú kúrò ńbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí àtè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn ọmọ tó ń da iṣu sínú blẹ́ńdà pé wọ́n ń fiṣu ṣòfò, abẹ́ blẹ́ńdà yára jù, ó ń gé iṣu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, gbogbo sítáàṣì inú ẹ̀ á tú jáde, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ẹ sì mọ báwọn Èkìtì ṣe máa ń ṣe tó bá dọ̀rọ̀ iyán, wọ́n jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n béèrè pé ta ló gún iyán yìí, ọwọ́ ẹ̀ mà dáa o. Mo ní àbúrò yín ni. Irọ́ kọ́, ọkọ mi ló tẹ bọ́tìnnì.

Ṣé ó wá dà bíi tinú odó pátápátá? Mi ò ní purọ́, tinú odó fi díẹ̀ dáa jù ú lọ. Àmọ́ díẹ̀ yẹn, ṣé ó tó nǹkan téèyàn máa tìtorí ẹ̀ bọ́ apá? Àti pé kí bàbá má pe ẹ̀rọ yìí ní nǹkan òyìnbó. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń gún iyán, láti 1974 ló ti kọ nípa ẹ̀ jáde. Ọmọ wa ló ro ó, torí ó mọ ohun tójú ìyá ẹ̀ rí.

Àwọn míì á ní iná ńkọ́? Òótọ́ ni, NEPA ti múná lọ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ìdajì iṣu ti fọ́, ìdajì ṣì le, ni mo bá fi ṣíbí onígi rò ó bí àmàlà, gbogbo wa jẹ ẹ́ láìwojú ara wa. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá dówó iná, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé yúníìtì kan dé ₦225 fáwa tá a wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa ríná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́. Nǹkan tó ń jẹ 1,000 wáàtì, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan nìyẹn. Ẹ̀rọ mi, 600 wáàtì ni wọ́n kọ sídìí ẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ló fi ń gún iyán èèyàn mẹ́rin, ₦11 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni, níye ìgbà yẹn. Sítóòfù oníná 1,500 wáàtì tẹ́ ẹ tàn fún wákàtí kan ti jẹ nǹkan bíi ₦337. Nǹkan tó ń yí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹná, nǹkan tó ń gbóná ló ń jẹná, ká máa bú blẹ́ńdà ká fi ẹlẹ́bi sílẹ̀ kò dáa.

Ibi tó ń dùn mí gan-an ni mò ń bọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ata ìkòríta yẹn, kí ló dé tí kì í kú? Torí ó ṣeé tún ṣe ni. Tí irin tó ń lọ ata ò bá mú mọ́, wẹ́dà òdìkejì títì á bá wọn gé e kó tún mú, wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ èérí kí ìdàrọ́ irin má bàa wọ ata oníbàárà, ó di iṣẹ́. Bẹ́líìtì já, wọ́n ra òmíì. Àwọn tiwa tá a ń kó wálé ńkọ́? Blẹ́ńdà mi, kọ́pílìn ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló jẹ, rọ́bà kékeré onéyín báyìí tí ò ju ọmọrí ìgò lọ, mo wá a jákèjádò ọjà, kò bá èyíkéyìí mu. Blẹ́ńdà yẹn ni mo fi ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín o, kóo da ẹ̀wà tó ti rin sí i pẹ̀lú omi, kóo tẹ̀ ẹ́ tẹ-fisílẹ̀, tẹ-fisílẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹta, èèpo á ṣí kúrò, kóo sẹ́ ẹ dànù. Iṣẹ́ tó ń gbà mí ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀.

Ti pressure pot, ìkòkò onídèérí tó ń há ooru mọ́nú, ló wá burú jù. Omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná kọjá 100 dìgírì, tinú pressure pot ń sún mọ́ 120, ìyẹn ló fi ń se ẹsẹ̀ màlúù kíákíá, gáàsì sì ti wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ gan, ooru ń sá jáde ṣíììì, kò gbóná bó ṣe yẹ mọ́. Mo padà síbi tí mo ti rà á, ọmọ ibẹ̀ wò mí lókè nílẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ kúkú ra tuntun." Ìkòkò odidi torí rọ́bà! Aládùúgbò mi kan ní kí n gé túùbù ọ̀kadà sí i. Mo ní kó dákẹ́, torí òun fúnra ẹ̀ ti dán an wò, ẹ̀wà ẹ̀ ló lọ lẹ̀ mọ́ àjà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní i, tó bá jẹ́ ẹ̀wà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdajì ìkòkò, ìfófó ẹ̀ máa ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde.)

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ni pé kẹ́ ẹ rán oníròyìn yín lọ bá àwọn tó ń kó ẹ̀rọ wọ̀lú, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ẹni tó ń ta ìkòkò, kí ló dé tí kì í ta rọ́bà ẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn síta ká rí i.

Bàbá tó kọ lẹ́tà, ẹ má bínú sí mi o. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà pressure pot oní lítà 7, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ìbàdàn.