Sìkírá, kòkòrò ti jẹ koríko òkè wa tán

Sìkírá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ràúfù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ọ pé n kò pè láti ìgbà Iléyá. Jọ̀ọ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí fóònù kí ohùn mi má gbọ̀n, ìwọ ló sì mọ ohùn mi jù láyé.

Kòkòrò ni, Sìkírá. Kì í ṣe ti àgbàdo, èyí tó sọ ọ́ di ẹni tí ń sun oko lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Ọmọ àfòpiná kan tí wọ́n ń pè ní antler moth ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Cerapteryx graminis. Ó wà ní Iceland, ó wà ní Norway, ó lọ títí wọ Siberia. Ibi tí òtútù pọ̀ tí koríko sì wà, ibẹ̀ ló fẹ́. Kò sí ọdún tí kì í sí díẹ̀ nínú wọn lórí òkè Pennine, ní àríwá England níbí, tí a ti ń da àgùntàn, tí ẹnikẹ́ni kò ní kà á sí. Ó kàn máa ń di ọdún kan, kí wọ́n tú síta lọ rẹpẹtẹ. Ọdún yìí ló bọ́ sí.

Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ fu mí lára, ní ìparí oṣù karùn-ún. Àwọn ẹyẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní rook dà bo òkè, starling tẹ̀ lé wọn, àwọn ẹyẹ funfun etí òkun náà fi òkun sílẹ̀, gbogbo wọn ń ṣá ilẹ̀ jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ ya koríko. Ha! Kòkòrò náà ń dán, àwọ̀ ara rẹ̀ wà láàárín dúdú àti pupa, ìlà mẹ́ta tó mọ́ lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Kò gùn tó ọmọńdinrín mi. Mo mú ọ̀kan, ó ká kò sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò mira. Mo tún ya koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Mo rìn lọ sókè díẹ̀, mo tún yà á, wọ́n wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn, wóró wóró, ti bo ìdí koríko. Orúkọ rẹ ló jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ní báyìí, òkè náà ti funfun. Koríko kan wà níbí tó ń jẹ́ Nardus, ó le, àgùntàn kì í fẹ́ ẹ, òun gan-an sì ni kòkòrò yìí fẹ́ràn. Ká ní ó mọ sórí rẹ̀ ni, à bá kí i pé ó ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n kọjú sí àwọn koríko tútù tí àwọn abiyamọ àgùntàn wa fi ń ṣe omi ọyàn. Heather, igi kúkúrú olódòdó tó bo òkè, ni wọn kò fọwọ́ kàn. Nígbà tí koríko tútù náà tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀. A gbẹ́ kòtò sí ẹ̀bá ilẹ̀ tí a ti ń gé koríko gbígbẹ fún ìgbà òtútù, wọ́n ń já sínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Odò kékeré tí àgùntàn ti ń mu omi kún fún òkú wọn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ yìí o. Ní 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, wọ́n bo òkè Peak District, ní England níbí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kòkòrò fi lọ ṣèwádìí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì mọ̀ pé yóò tán. Ìran kan ṣoṣo ni tiwọn láàárín ọdún. Àwọn tó bá yè yóò di àfòpiná ní oṣù keje sí ìkẹjọ, ìwọ yóò máa rí wọn lọ́sàn-án gangan lórí òdòdó ẹ̀gún, aláwọ̀ ilẹ̀ kékeré tí àmì funfun ẹlẹ́ka wà lápá rẹ̀. Wọ́n á sọ ẹyin sínú koríko, ẹyin náà á sun gbogbo òtútù já, á sì pa nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Kòkòrò àgbàdo tìrẹ tó ti Amẹ́ríkà wá ní 2016 kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ìran lé ìran ni. Àgbọ́n tín-ín-tín kan tún wà tó ń yé ẹyin sínú ara àwọn tibí, àìsàn kan sì ti wọ àárín wọn. Lánàá mo rí àwọn kan tó so rọ̀ lórí pòròpórò koríko, inú wọn ti di omi. Inú mi dùn, Sìkírá. N kò rò pé inú mi lè dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Délé ti gba ìwé ìwakọ̀, Tómi ti ká eyín iwájú méjì, Rónkẹ́ bí ìbejì ní Leeds, àwọn ọmọ náà le koko. Mo gbọ́ pé o ra ọ̀kadà tuntun, o kò sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Èmi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i ni?

Ṣùgbọ́n àgùntàn kò lè dúró de oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń mu ọyàn, egungun ìhà àwọn ìyá ti ń yọ. Oúnjẹ tí a ń rà wọ́n, ó wọ́n bí ojú. Bàbá olóko ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn lè tà wọ́n. Ohun tó ń dùn mí nìyí: irú àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Swaledale ni wọ́n, olójú dúdú onímú funfun, kò sì sí ọgbà lórí òkè yẹn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ àgùntàn kọ̀ọ̀kan ti kọ́ ibi tí ilẹ̀ tiwọn pin sí, ìyá náà kọ́ ọ lẹ́yìn tirẹ̀. Bí a bá tà wọ́n, tí a ra òmíràn lọ́jà, wọ́n á kàn tú ká ni. Ìmọ̀ yẹn kò sí lọ́jà. Mo ti mọ wọn lójú, mo mọ èyí tí ó máa ń ṣáájú wọ inú òjò.

Tí wọ́n bá sì tà wọ́n, iṣẹ́ mi náà tán. Iṣẹ́ yìí ni ìwé ìgbélùú mi rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, bá mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alájọ. Oṣù kẹsàn-án ni ó kàn mí láti kó. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí n kó o ní oṣù keje, kí ẹni tó ni oṣù keje bọ́ sí ipò mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n fi nǹkan lé e fún ẹni náà, mo gbà. N kò ní dá àjọ náà dúró, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wúràọlá kọ́ ni kí o bá sọ ọ́ o, nítorí yóò dé etí Màámi kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn kò sì ní sùn. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ fún wọn pé ara mi le, pé òjò ló ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa láàmú.

Bá mi kí Bàbá Ràúfù. Èsì Ìyá Alájọ ni mo ń retí, bẹ́ẹ̀ ni bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ kíá kí n lè mọ ibi tí mo máa yà sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí